Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ìlú Bloomington ní Indiana Kí Ẹ Tó Fi Ibẹ̀ Ṣe Ilé

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí wọ́n bá gba ìwé ìgbàwọlé sí Indiana University ni wọ́n máa ń ka gbogbo ohun tí yunifásítì náà kọ nípa ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, tí wọn kò sì ní ka ìlà kan ṣoṣo nípa ìlú tí wọn yóò máa sùn, tí wọn yóò máa jí nínú rẹ̀. Bloomington ni ìlú náà ń jẹ́. Ó wà ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Indiana, nǹkan bí 50 máìlì sí Indianapolis tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ẹ̀kọ́ ló gbé èmi náà débẹ̀, ní gbogbo ọdún tí mo sì fi ń lọ láti ilé sí kíláàsì, láti kíláàsì sí ilé ìkàwé, mo rò pé mo mọ ibẹ̀. Ìgbà tí mo parí ẹ̀kọ́ tí mo dúró síbẹ̀ ṣiṣẹ́ ni mo tó rí i pé ọgbà ilé-ìwé nìkan ni mo mọ̀, pé ìlú gidi kan wà níbẹ̀ tí ojú mi ti ń fò kọjá lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, fún ẹni tó ń bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ lọ síbẹ̀, àti fún òbí tó fẹ́ mọ irú ibi tí ọmọ òun ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi iye méjì sọ́kàn. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìkànìyàn ní ọdún 2020, ènìyàn 79,168 ni wọ́n kà ní Bloomington. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọgbà yunifásítì tó wà níbẹ̀ sì ju 45,000 lọ. Ẹni tó bá gbé iye méjèèjì ka iwájú ara rẹ̀ yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dé ọ̀rọ̀ owó ilé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ariwo òru. Ọdún 1818 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, wọ́n sì dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ ní ọdún 1820. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n fi ọdún méjì ju ara wọn lọ ni wọ́n, ṣùgbọ́n àbúrò ti ga ju ẹ̀gbọ́n lọ tipẹ́tipẹ́, ẹ̀gbọ́n sì mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ ṣáájú ohun gbogbo ni bí ọdún ṣe ń yí níbẹ̀, nítorí pé ọdún Bloomington kì í bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Oṣù Kẹjọ ló ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù yẹn ni àdéhùn ilé tó pọ̀ jù lọ máa ń parí, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni tuntun sì ń bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìdajì ìlú ni yóò máa kó ẹrù jáde nígbà kan náà tí ìdajì yòókù ń kó ẹrù wọlé. Ẹ ó rí àga gbọọrọ, àpótí ìwé, fìríìjì kékeré tí wọ́n lẹ bébà mọ́ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ní etí títì, ẹni tó bá fẹ́ ni yóò gbé e. Tábìlì tí mo fi kọ gbogbo iṣẹ́ ìwádìí mi, iwájú ilé ẹlòmíràn ni mo ti gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo sì ká páálí sí abẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ohun tí wọ́n fi igi tàbí irin ṣe ni kí ẹ gbé. Bẹ́ẹ̀dì, tìmùtìmù àti àga tó ní fóòmù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, bí ó ti wù kí wọ́n dára tó lójú, nítorí ìdun kì í fi ara rẹ̀ hàn ní ọ̀sán.

Lẹ́yìn oṣù Kẹjọ, ìlú yóò kún títí di ọ̀sẹ̀ ọdún Ìdúpẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Kọkànlá, ìgbà yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ rí bí ó ṣe ń dákẹ́. Ní ìparí oṣù Kejìlá ó tún dákẹ́, ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi oṣù Kẹta bákan náà. Ẹni tó bá dá wà ní ilé ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, àárò ilé lè mú un gan-an. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, nítorí mo ti rí ọmọ tó jẹ́ pé ohùn ìyá rẹ̀ lórí fóònù nìkan ni ohùn ènìyàn tó gbọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ ti wá ará ìlú kan tí ẹ ó lọ kí kí ìsinmi tó dé.

Ní oṣù Kẹrin ni eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Little 500 ń wáyé. Ọdún 1951 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti fi wá owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ bọ́ ara rẹ̀ nílé-ìwé. Ẹgbẹ́ 33 ló ń díje, ẹni mẹ́rin ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, wọn yóò sì yí pápá ká nígbà 200, tí í ṣe 50 máìlì. Ti àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ìdajì ọ̀nà yẹn ni wọ́n sì ń sá. Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n àríyá ọ̀sẹ̀ náà kì í parí sí pápá, ọlọ́pàá sì máa ń wà káàkiri, nítorí náà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá ọtí lọ́wọ́ òun, pàápàá ẹni tí físà ló gbé e dúró. Nígbà tí oṣù Karùn-ún bá dé tí wọ́n sì ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì ìlú ni yóò kún. Òbí tó fẹ́ wá gbọ́dọ̀ ti gba yàrá sílẹ̀ láti oṣù pípẹ́ ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni owó àwọn ènìyàn wa ti ń ṣòfò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìwé ilé tí wọn yóò wọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún tó ń bọ̀ láti ìgbà tí ewé igi bá ń wọ́. Ẹni tó ń ti òkèèrè bọ̀ kò lè bá wọn sá eré yẹn, kò sì yẹ kó gbìyànjú. Ohun tí mo máa ń gba ènìyàn ní ìmọ̀ràn ni pé kó gba yàrá nínú ọgbà yunifásítì fún ọdún àkọ́kọ́, tàbí kó gba èyí tí ẹlòmíràn fẹ́ fi sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ wo ilé kó tó fọwọ́ sí ìwé ọdún kan gbáko. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ láti Nàìjíríà sí ẹni tí ẹ kò rí, fún ilé tí ẹ kò wò, nítorí pé àwòrán rẹ̀ dára.

Nígbà tí ẹ bá ń wo ilé, ẹ béèrè fún ìwé àṣẹ ìgbélé. Ìjọba ìlú Bloomington ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní HAND, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní gbọ̀ngàn ìjọba ìlú ní òpópónà Morton, iṣẹ́ wọn sì ni láti yẹ ilé àyálégbé wò kí wọ́n tó fún onílé ní ìwé àṣẹ. Ilé tí kò bá ní ìwé yìí, ẹ kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ìdílé, òfin ìlú kò gba kí àgbàlagbà tó ju mẹ́ta lọ, tí wọn kì í ṣe ẹbí, jọ gbé ilé kan. Bí onílé bá sọ fún yín pé ẹni márùn-ún lè gbé e ṣùgbọ́n kí orúkọ ẹni mẹ́ta wà nínú ìwé, ẹ̀yin ni ẹjọ́ yóò wà lọ́rùn yín lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ tún ka ibi tí ìwé àdéhùn ti sọ pé gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i ló jẹ gbèsè náà papọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan nínú yín bá kó lọ láì san tirẹ̀, onílé lè gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó kù.

Onílé yóò gba owó kan sílẹ̀ lọ́wọ́ yín nítorí ìbàjẹ́, irú èyí tí a ń pè ní kọ́ṣọ̀n nílé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó gbé àpótí kankan wọlé, ẹ kọ gbogbo àbàwọ́n, gbogbo ihò ìṣó, gbogbo ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò wọn, kí onílé sì fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ náà. Onílé mi àkọ́kọ́ yọ owó tó pọ̀ nínú tèmi nítorí àbàwọ́n kan lára kápẹ́ẹ̀tì yàrá, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú kan bí àtẹ́lẹwọ́ tí mo bá níbẹ̀, tí mo tilẹ̀ gbé bẹ́ẹ̀dì lé lórí kí n má baà máa rí i. N kò ní fọ́tò, n kò sì rí nǹkan kan sọ. Òfin Ìpínlẹ̀ Indiana fún onílé ní ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí tí ẹ sì ti dá ilé padà, láti dá owó náà padà tàbí kó kọ ohun tó yọ ọ́ fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gbọ́dọ̀ ti fún un ní àdírẹ́sì yín tuntun ní kíkọ sílẹ̀. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà, wọ́n á fi ẹnu lásán sọ ọ́. Yunifásítì náà ní ọ́fíìsì amòfin fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gbé ìwé yín lọ fún wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ má dúró di ìgbà tí ìjà bá dé. Ohun kan tó kù: ẹ bi ayálégbé tó ń jáde lọ pé èló ni owó iná àti gáàsì rẹ̀ ní oṣù Kìíní, nítorí ilé onígi àtijọ́ tó pọ́ọ́kú lè jẹ owó yín tán lára ẹ̀rọ amúlémóoru.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní ibi tí ẹ ń gbé, ẹ fi ẹsẹ̀ rin ìlú náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹjọ́ àgbà tó wà ní àárín gbùngbùn, èyí tí ẹja bàbà kan wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀ tó ń yí sí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí. Ẹ wá doríkọ ìlà-oòrùn ní òpópónà Kirkwood. Ẹ ó kan ilé ìkàwé ìjọba Monroe County lójú ọ̀nà, ẹ yà síbẹ̀ kí ẹ gba káàdì, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Níbẹ̀ ni ọmọ kékeré ti ń rí ibi ṣeré nígbà òtútù, níbẹ̀ náà ni àgbàlagbà tó fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì òun dán sí i ti ń rí olùkọ́ tí kò gba kọ́bọ̀. Òpin òpópónà náà ni ẹnu-ọ̀nà olókùúta tí wọ́n ń pè ní Sample Gates, láti ibẹ̀ ni ẹ ti ń wọ ọgbà yunifásítì.

Ẹ fi ọwọ́ kan òkúta ẹnu-ọ̀nà yẹn. Òkúta ẹfun ni, bí ẹ bá sì sún mọ́ ọn dáadáa ẹ ó rí àwọn ẹyọ kéékèèké nínú rẹ̀, àjẹkù ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun tí wọ́n kú ní ohun tó ju 300 mílíọ̀nù ọdún lọ sẹ́yìn, nígbà tí òkun bo gbogbo agbègbè náà. Òkúta yìí ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilé yunifásítì náà, láti ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n sì ti gé òkúta tó bo ara ilé gogoro Empire State Building ní New York. Àwọn bàbá àwọn ará ìlú yìí ló gé e. Àwọn kòtò tí wọ́n gé òkúta kúrò nínú wọn ti kún fún omi, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń lọ fò sínú wọn nígbà ooru. Ẹ má bá wọn lọ, ilẹ̀ onílẹ̀ ni, omi náà sì ti gba ẹ̀mí.

Ìtàn iṣẹ́ ìlú yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó máa bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbọ̀ngàn ìjọba ìlú tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ilé iṣẹ́ àga àti tábìlì Showers Brothers ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ RCA ṣe tẹlifíṣọ̀n ní Bloomington fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ti aláwọ̀ mèremère náà wà níbẹ̀ láti 1954, títí wọ́n fi ti ibẹ̀ ní 1998 tí iṣẹ́ sì kó lọ sí Juárez ní Mẹ́síkò. Ilé iṣẹ́ Cook, tó ń ṣe ohun èlò ìṣègùn, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1963, ó sì ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé àgbàlagbà kan ní ibùdókọ̀, ẹ má bi í pé kí ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ló fi ọgbọ̀n ọdún tò. Ẹ bi í bóyá ìlú yìí ni wọ́n ti bí i, ẹ ó gbọ́ ìtàn. Hoosier ni àwọn ará Indiana ń pe ara wọn, inú wọn sì máa ń dùn sí orúkọ náà. Wọn yóò ní kí ẹ máa fi orúkọ pe àwọn, ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti hu ewú. Ó ṣòro fún èmi, ọmọ tí wọ́n kọ́ pé a kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Oyè ni mo fi ń pe àwọn olùkọ́ mi títí mo fi parí ẹ̀kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì bínú sí mi.

Àwa tí awọ wa dúdú ní ìtàn tiwa níbẹ̀ pẹ̀lú. Marcellus Neal ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní yunifásítì náà, ní 1895. Frances Marshall ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́, ní 1919. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lára Neal-Marshall Black Culture Center, ilé àṣà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wa, kí ẹ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yín àkọ́kọ́. Bill Garrett bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún ilé-ìwé náà ní 1948, nígbà tí àwọn ilé-ìwé ńlá agbègbè náà ti fi ẹnu kò láìkọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò ní í mú ènìyàn dúdú. Òpópónà Eagleson tó gba àárín ọgbà kọjá, orúkọ ọ̀gá yunifásítì kan tó ti gba ẹ̀kọ́ pé ìran kan sàn ju òmíràn lọ gbọ́ ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Orúkọ ìdílé dúdú kan ló wá ń jẹ́ báyìí. Mo máa ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá bá mi rìn gba ibẹ̀.

Nínú ọgbà, ibi méjì ni ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Èkíní ni Eskenazi Museum of Art, tí I. M. Pei ya àwòrán ilé rẹ̀ tí wọ́n sì ṣí ní 1982. Iṣẹ́ ọnà Áfíríkà pọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú wọn, mo pẹ́ kí n tó lè kúrò. Èkejì ni Lilly Library, níbi tí wọ́n ti ń fi Bíbélì tí Gutenberg tẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún hàn fún ẹni yòówù tó bá wọlé.

Ọkọ̀ kò ṣòro. Káàdì yunifásítì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọ bọ́ọ̀sì ìlú láì san owó, bọ́ọ̀sì inú ọgbà sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé àkókò wọn dáadáa fún ìgbà ìsinmi àti ọjọ́ Àìkú. Ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ kan ni wọ́n sọ di ọ̀nà ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní B-Line, 3.1 máìlì ni gígùn rẹ̀, ó sì gba àárín ìlú kọjá. Ilé ìwòsàn ńlá ti kúrò ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀ láti oṣù Kejìlá 2021, ó ti lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà tó yí ìlú ká ní ìhà ìlà-oòrùn; ẹ má tẹ̀lé àwòrán ilẹ̀ àtijọ́. Ní ilé ìtajà, iye tí ẹ rí lára ọjà kọ́ ni ẹ ó san, owó orí 7 nínú 100 yóò gun orí rẹ̀, àyàfi ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí ẹ ó lọ sè fúnra yín. Ẹni tó bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F-1 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ ní ọ̀sẹ̀ nínú ọgbà nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé.

Òtútù máa ń wọ abẹ́ òdo lóru oṣù Kìíní, ṣùgbọ́n òtútù gan-an kọ́ ni mo bẹ̀rù. Yìnyín tó ti yọ́ lọ́sàn-án tó sì tún dì lóru ni, tó ń dán bí ọ̀dà lásán lójú títì, tí ojú kò lè yà á sọ́tọ̀. Ẹ ra bàtà tó ní eyín lábẹ́ kí ẹ tó ra ẹ̀wù olówó ńlá, ẹ sì máa gbé ẹsẹ̀ kéékèèké bí ẹni tó ru omi.

Ní Sátidé, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kọkànlá, àwọn àgbẹ̀ máa ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìjọba ìlú, ọdún 1975 ni wọ́n sì dá ọjà náà sílẹ̀. Ẹ tètè lọ, ẹ kí wọn, ẹ béèrè bí òjò ṣe rí lóko; wọn yóò dá yín mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Tòmátì, ata àti ewébẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà ooru. Ilé oúnjẹ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tò lọ ní Òpópónà Kẹrin, nínú àwọn ilé gbígbé àtijọ́. Ní ti iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti epo pupa, Indianapolis ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rà wọ́n. Ẹ wá ẹni tó ní mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ dá owó epo fún un, kí ẹ sì fún un ní àpò tiyín láti ọjọ́ Ẹtì, torí pé ní òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń gbéra.